Ẹsẹ̀ Rísíkà àti Ọwọ́ Mi

Bí ẹsẹ̀ rẹ kan ṣoṣo bá wú, tí èkejì kò wú, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Má fi òrí ra á, má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, má sì jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún ọ pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé. Gba ọsibítù lọ. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ wá, a kì í sábà ka nǹkan dé ìparí. Ẹni tó bá ń kánjú lè máa lọ báyìí, ó ti gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, kó fìdí kalẹ̀.

Ara wíwọ́ ni iṣẹ́ mi, ní Galadimawa níbí ní Àbújá. Ìyá mi ló kọ́ mi nílé, ní Kàbà, òun náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Bí obìnrin bá bímọ ládùúgbò wa, ìyá mi ni wọ́n á ránṣẹ́ sí. Bí àgbẹ̀ bá gbé ẹrù tó jù ú lọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ìyá mi náà ni. Nígbà tí ọkọ mi kú, tó fi èmi àti Tèmi, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí, sílẹ̀ nílùú onílùú, ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi tọ́ ọmọ náà dé yunifásítì. Mo gba yàrá kan lẹ́yìn ilé ńlá kan, mo gbé bẹ́ẹ̀dì gíga sí i, mo ta kọ́tìnì, mo sì ní kí wọ́n bá mi kọ "Màsáàjì" sára pátákó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ń wá. Àwọn mẹkáníìkì ń wá láti Apo, ẹ̀yìn wọn le bíi pákó.

Ẹ má rò pé mo wá ba iṣẹ́ náà jẹ́ o. Ara wíwọ́ dára. Mo ti rí ọ̀gá tó wọlé tó ń jágbe mọ́ dírẹ́bà rẹ̀ lórí fóònù, tí mo wọ́ léjìká díẹ̀, tó sùn lọ, tó ń hanrun. Mo ti rí ìyàwó ilé tí mo kàn fọwọ́ kàn lọ́rùn tí ẹkún gbọ̀n ọ́n, tí kò sì mọ ohun tó ń sunkún sí. Á ní, "Ìyá Tèmi, kí ló ń ṣe mí?" Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Kò sí nǹkan kan, ara ló ń sọ tẹnu rẹ̀." Òótọ́ ni. Ìbànújẹ́ a máa sá pamọ́ sínú iṣan, ìbẹ̀rù a máa gbé èjìká èèyàn sókè láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ bá dé ibẹ̀, á tú, oorun á padà, èèyàn á lè mí kanlẹ̀. Mo máa ń fọ́nnu nígbà náà pé kò sí ara tí mo fọwọ́ kàn tí kò sàn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹnu mi mú ju abẹ lọ.

Rísíkà wà lára àwọn oníbàárà mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ ní ọjà Wuye. Ìnàró tó ń nàró lójoojúmọ́ ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tó fi wá mi rí. Tó bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, ẹjọ́ ló ń rò. Á sọ ti obìnrin tó tú ogún aṣọ wò tí kò ra ẹyọ kan, á sọ ti ọkọ rẹ̀ tó ń jẹ àkàrà nídìí ọjà tó sì ń fi epo kan aṣọ. Mo máa ń ní, "Dákẹ́ ẹnu díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ lè gbọ́ mi." Á bú sẹ́rìn-ín, gbogbo bẹ́ẹ̀dì á máa mì. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó lóyún, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ náà, ọmọbìnrin. Ìyá rẹ̀, Àlàájà, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú ìyá àti ọmọ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ náà kò tíì ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ tí Àlàájà fi pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹsẹ̀ òsì Rísíkà wú, ó ń ro ó, kò jẹ́ kó lè rìn gaara. "Jọ̀ọ́, wá bá mi wọ́ ọmọ yìí. Ó ní ìwọ nìkan ni òun fẹ́." Orí mi wú. Mo gbé òrí mi, mo wọkọ̀, ó di ilé wọn ní Wuye.

Rísíkà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ náà síwájú. Ó wú láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń dán, ó sì gbóná sí ọwọ́. Èkejì wà bó ṣe máa ń wà. Mo rí i. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Ṣùgbọ́n ṣé ẹsẹ̀ wíwú ni èmi á máa bẹ̀rù? Ẹsẹ̀ abiyamọ mélòó ni mi ò tíì wọ́? Àlàájà gbé omi gbígbóná wá, mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo fi tẹ̀ ẹ́, mo bu òrí, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, ibo ló ń dùn ún.

Nínú ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun, ọwọ́ mi kan nǹkan kan tó le, tó gùn, bí okùn tí wọ́n lọ́. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n, mo ti rí ọ." Mo gbé àtàǹpàkò méjèèjì lé e. Rísíkà ké, "Yéè, Mọ́mì, ẹ rọra!" Mo ní kó fara dà á, ẹni tó rọ́jú bímọ kò gbọdọ̀ máa sunkún ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtàǹpàkò mi pé ó ti dẹ̀. Inú mi dùn. Rísíkà mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti fúyẹ́." Ó ti sùn lọ kí n tó fọ ọwọ́ mi tán.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn kò tíì kan àtàrí, ó dìde pé kí òun gbé ọmọ láti fún un lọ́mú. Ó ní àyà ń dun òun, èémí òun kò dé ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti lọ. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo lọ kí wọn. Oríṣiríṣi ni àwọn èèyàn ń sọ nínú ilé náà. Òmíràn ní ayé ni, òmíràn ní bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Àlàájà di ọwọ́ mi méjèèjì mú lójú gbogbo wọn, ó ní, "Ọwọ́ yìí ni ọmọ mi ti rí ìsinmi gbẹ̀yìn. Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ yìí fún mi." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Àlàájà kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, ó dúró láti tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Gbogbo Iléyá ni itan àgbò kan ń ti Wuye wá sọ́dọ̀ èmi onígbàgbọ́ ní Galadimawa. Mo ń sè é, mo ń jẹ ẹ́, mo sì ń bù fún aládùúgbò.

Ọdún kẹta rẹ̀ ni tèmi dé. Mo lọ sin àǹtí mi kan ní Èkó. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ, òun náà ni mo wọ̀ bọ̀. Àárín ni mo jókòó sí, orúnkún mi kan àga iwájú, mi ò sì mu omi nítorí mi ò fẹ́ máa sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró létí igbó fún mi. Lọ́jọ́ kẹta tí mo dé, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí bí ẹni tí iṣan fà. Mo ní àárẹ̀ ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ kẹrin ó wú. Sálúbàtà mi gba ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò gba ti òsì mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo gbé òrí. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀, èmi ní n óò gbẹ́ tèmi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wọ́ ẹsẹ̀ náà, tí mò ń gé ètè jẹ, tí mò ń sọ fún ara mi pé ó ti ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti ilé. Alàgbà ìjọ ni. Bó ṣe kí mi ní ìkíni ilé wa, "Òkun o," tán, tí mo sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "O ti tẹ nǹkan. Ẹnì kan ló dà á sílẹ̀ dè ọ́ níbi ìsìnkú yẹn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kì í ṣàdédé wú." Ó ní kí n wá sílé kíá, bàbá kan wà tó ń sín gbẹ́rẹ́ fún irú rẹ̀, kí n má ṣáà jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́. Alàgbà ni o! Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé òróró wá, ó dà á sí mi lẹ́sẹ̀, òun náà tún fọwọ́ rà á dáadáa. Aládùúgbò mi gbé àgbo wá nínú ike. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, pé mi ò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀.

Tèmi ọmọ mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Àbújá la ti tọ́ ọ, bí inú bá ń bí i, pijin ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mummy, abeg, this leg no be prayer matter. Hospital, now now." Mo ní ọmọdé ni, kí ló mọ̀ nípa ẹsẹ̀. Mo dìde pé kí n lé e jáde. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni mo gbé tí èémí mi já. Nǹkan gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, mi ò lè mí wọlé, mi ò lè mí jáde. Tèmi kò bá mi jiyàn mọ́, ó pe takisí.

Ọsibítù ìjọba ni a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ rí mọ bó ṣe ń rí: ìlà káàdì lọ́tọ̀, ìlà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́tọ̀, ìlà dókítà lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, bẹ́ǹṣì ti kún. Ìyá Háúsá kan rí bí mo ṣe ń mí, ó ní, "Sànnu, Mama, sànnu," ó dìde fún mi, òun fúnra rẹ̀ wá dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ di òní, mo ṣáà ń gbàdúrà fún un. Tèmi lọ bá nọ́ọ̀sì kan jà. Nọ́ọ̀sì náà ń bú u bọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe wo ètè mi, ó dákẹ́, ó lọ gbé àga onítáyà wá, wọ́n sì tì mí kọjá gbogbo ìlà. Bí o bá rí i tí wọ́n ń tì ọ́ kọjá ìlà ní ọsibítù ìjọba, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní kékeré.

Dókítà tó wò mí jẹ́ ọmọ Ìlọrin, ó kéré lójú bí ọmọ iléèwé. Ó ká ìró mi sókè. Òrí ṣì ń dán lẹ́sẹ̀ mi.

"Ìyá, ẹ kú ìnira. Ta ló wọ́ ẹsẹ̀ yìí?"

"Èmi ni. Iṣẹ́ mi ni."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́ rárá."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹsẹ̀ náà, wọ́n wo àyà mi. Nígbà tó padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi dọ́gba. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀ yín. Bó bá dúró síbẹ̀, oògùn lè bá a jà. Bí wọ́n bá ń wọ́ ọ, ó lè já, kó bá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Díẹ̀ ti já nínú tiyín. Ká ní èyí tó tóbi ló já ni, ẹ̀yin kọ́ là bá máa bá sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo ní, "Irú àwọn wo ló máa ń ṣe?"

"Ẹni tó bá jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ bíi tiyín. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pàápàá tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un."

Mo fẹ́ dákẹ́, mi ò lè dákẹ́. "Bó bá já, báwo ló ṣe máa ń ṣe wọ́n?"

"Àyà á dùn wọ́n lójijì. Wọ́n á ní èémí àwọn kò dé ìsàlẹ̀."

Mo kọjú sí ògiri. Dókítà náà rò pé ikú ni mò ń bẹ̀rù, ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, ìyá, ẹ tètè dé." Bẹ́ẹ̀ ni, mo tètè dé. Ọmọ mi kò gbọ́ tèmi.

Wọ́n dá mi dúró. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún mi níkùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi oògùn oníhóró kún un, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi wò ní gbogbo ìgbà láti mọ̀ bóyá oògùn náà pọ̀ jù tàbí kò tó. Ó ná wa lówó, mi ò ní tàn yín, ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ kí n wá sín gbẹ́rẹ́ náà ló fi èyí tó pọ̀ jù ránṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sọ fún pé irú àìsàn yìí ni, ẹ má fo oògùn yín ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ má sì fi àgbo kún un. Oògùn náà ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn ni. Bí ẹ bá da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, ó lè ṣàn jù. Mo rí ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀dù tó ṣe bẹ́ẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ kò dá.

Kí wọ́n tó dá mi sílẹ̀, mo bi dókítà náà ní ìbéèrè kan. Mo ní, ká ní ẹnì kan wà tí wọ́n wọ́ lẹ́sẹ̀ tó kú lọ́jọ́ kejì, bí wọn ò bá wọ́ ọ ni, ṣé ì bá kú? Ó ní, "Ó lè kú, ó sì lè má kú. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n, ìyá." Ìdáhùn tí mo gbé relé nìyẹn, òun náà ló wà lọ́wọ́ mi di àkókò yìí.

Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yá. Ọwọ́ mi ni kò yá. Bí mo bá ń fọ aṣọ, tí ìka mi kan ibi tí wọ́n ṣẹ́ etí aṣọ sí tó nípọn, mo ti dé Wuye. Lábẹ́ àtàǹpàkò mi, á le, lẹ́yìn náà á dẹ̀. Bí mo bá ń ro ẹ̀bà, bí mo bá ń ṣa ìrẹsì, ọwọ́ mi á rántí láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ó ti fúyẹ́." Kì í bínú. Ká ní ó ń bínú ni, ì bá sàn fún mi. Mo gbé pátákó mi wọlé, mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ara mi kò tíì dá. Tèmi fẹ́ fọwọ́ pa mí lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, mo pariwo mọ́ ọn débi pé ó sunkún. Mi ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn mí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, dókítà rán mi sí obìnrin kan nínú ọsibítù náà tó ń tún iṣan àwọn aláìsàn ṣe, tó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa rìn padà. Mo rò pé á ní kí n dùbúlẹ̀. Rárá o. Ó jókòó tì mí, ó gbé ìwé, ó ń béèrè. Ṣé mo rin ìrìn àjò? Ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi rí? Oògùn wo ni mò ń lò? Ibo ló wú, ìgbà wo ló wú, ṣé èkejì náà wú? Ó tó wákàtí kan kó tó fọ ọwọ́. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré, ibo ló ń dùn ọ́ ni mo mọ̀ ọ́n bi èèyàn.

Ó ní, "Mi ò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Èjìká nìkan. Ṣé kí n fọwọ́ kàn yín, Mà?" Kò sí ẹni tó tọrọ àṣẹ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi léjìká, kò tiẹ̀ tíì tẹ̀ ẹ́, ẹkún sì bú jáde. Irú ẹkún yẹn ni mo máa ń rí tí mo fi ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé ara ló ń sọ tẹnu rẹ̀, ara tèmi wá sọ tirẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Mo pa ọmọ ọlọ́mọ."

Kò mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ta ni ẹ ti sọ èyí fún rí?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Ó wúwo jù fún ẹ̀yin nìkan, Mà." Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò tíì sùn láti ọdún tó kọjá.

Iléyá tún dé, itan àgbò sì dé. Mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó, mi ò lè fi ọ̀bẹ kàn án. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní mo fẹ́ lọ sọ fún Àlàájà. Ó pariwo. "Ṣé wọ́n bi ọ́ ni? A kì í fọwọ́ ara ẹni ṣe ara ẹni. Ṣé àgọ́ ọlọ́pàá lo fẹ́ lọ sùn ni?" Ọ̀rọ̀ àgbà ni, mi ò lè ní irọ́ ló ń pa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wọ aṣọ láti lọ, tí mò ń bọ́ ọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo lọ.

Àlàájà jókòó ní pálọ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Mùínátù, ń ya nǹkan sínú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe gbójú sókè, Rísíkà ló wò mí. "Ìyá Tèmi! Káàbọ̀. Ṣé ẹran dé ọ̀dọ̀ rẹ?" Mo kúnlẹ̀, mi ò dìde. Ó rí ojú mi, ó ní kí ọmọ lọ máa ṣeré lẹ́yìnkùlé. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹsẹ̀ tèmi, ohun tí dókítà sọ, nǹkan líle tí mo bá lẹ́sẹ̀ Rísíkà, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ títí tó fi dẹ̀. Mo ní, "Àlàájà, ó ní kí n rọra. Mi ò rọra."

Ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun kọ́ ló ní kí n pè ọ́."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ.

"Rísíkà. Lọ́jọ́ yẹn. Ọsibítù ló ní òun fẹ́ lọ. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun níbẹ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá wú kí òun padà wá. Èmi ni mo ní kí ló fẹ́ lọ tò sí ìlà fún pẹ̀lú egbò ikùn. Mo ní Ìyá Tèmi á wọ́ ọ, á lọ. Mo wá parọ́ fún ọ pé ìwọ ló ní òun fẹ́, kí o lè tètè wá." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìbòrí. "Gbogbo ẹran tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ọ yẹn, mò ń sọ fún ara mi pé ó ṣáà rí ìsinmi kó tó lọ. Ìyẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. O wá gbà á lọ́wọ́ mi lónìí."

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Àlàájà."

"Mo ti ní kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ rẹ. Mi ò ní gba àdúrà yẹn padà, nítorí èmi ni mo pè ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rí ọwọ́ náà mọ́. Dìde, máa lọ."

Mo dìde, mo lọ. Láti ọdún yẹn, ẹran kò wá mọ́.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Oògùn ti parí, dókítà ló ní kó parí. Ẹsẹ̀ òsì ṣì máa ń wú díẹ̀ nírọ̀lẹ́, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó fún, mo sì ń rìn yípo Galadimawa láràárọ̀. Bí mo bá wọkọ̀ jíjìn, mo ń mu omi, mo sì ń sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró, kó bínú tó bá fẹ́. Mo ti gbé pátákó mi jáde padà. Ẹni tó bá wá, a jọ máa jókòó ná, n óò bi í léèrè bí obìnrin yẹn ṣe bi mí. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé màsáàjì ni àbí wọ́n fẹ́ gba àwọn síṣẹ́. Àwọn mìíràn bínú lọ. Kí wọ́n máa lọ ní àlàáfíà.

Lọ́dún yìí, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ọmọbìnrin náà bímọ. Ẹsẹ̀ òsì wú, ó ń dán. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ìyá náà bú mi, ó ní wọ́n ní ọwọ́ mi dára, mo wá ń ṣe fáàrí. Mo ní kó máa bú mi lọ, mo tì wọ́n sínú takisí, mo bá wọn lọ, mo dúró tì wọ́n títí nọ́ọ̀sì fi gbà wá. Ohun tí mo rò náà ni wọ́n bá. Ọmọbìnrin náà yè.

Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n padà wá, àwọn méjèèjì àti ọmọ ọwọ́ náà. Ìyá náà kúnlẹ̀ fún mi níwájú ilé, ó ń sunkún, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì láti di tèmi mú. Ó ní, "Kí Ọlọ́run bù kún ọwọ́ yìí."

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí n tó ṣe àmín.